Ẹni Tí Màámi Ní Kí N Má Sọ Fún

Inú ṣì ń bí mi sí ìyá mi, mi ò sì ní fi bò.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ló fi mí ṣe pàṣípààrọ̀ sí òkè òkun fún ọdún kan. Ìmọ̀ ìṣúná ni mò ń kọ́. Níbẹ̀, tí o ò bá rí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà ọ́ láti wá kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, o kàn ń ṣeré ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò dá mi lóhùn rárá. Àwọn tó dá mi lóhùn ń béèrè ibi tí mo ti wá lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé mo kó àrùn wá. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ó ku ohun kan ṣoṣo: wọ́n fẹ́ bá ẹni tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Alhájì kan nílùú wa, Igbótako, ni mo ní. Ọmọ bíbí ìlú ni, ó ń kó epo pupa lọ sí Òkè Ọya. Láti ìgbà tí mo ti wà ní girama ni mo ti ń bá a ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì mú mi bí ọmọ. Mo fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo fẹ́ pè é kí n sọ fún un pé wọ́n máa pè. Màámi, tí mo kọ́kọ́ sọ fún lórí fóònù, ní rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Màámi ń lọ. Wòlíì ibẹ̀ ti sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ nípa ìlọsíwájú mi títí yóò fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ń kúrò nílé gan-an, Àkúrẹ́ ni Màámi sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń lọ.

"Ọma mi, pa ẹnu ẹ mọ́. Ayé le."

"Màámi, wọ́n máa pè é o!"

"Kí wọ́n pè é. Ṣé kò mọ̀ ẹ́ ni? Tí o bá sọ fún un, ìyàwó ẹ̀ á gbọ́, gbogbo ọjà á gbọ́. Tí o bá pè é, má pè mí ní ìyá mọ́."

Mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n mo bú wòlíì náà nínú ọkàn mi dáadáa.

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹni tí mo ní kí wọ́n pè sọ pé òun ò mọ̀ mí rí. Mo pe Alhájì, mi ò tiẹ̀ kí i dáadáa.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí?"

"Àbí ìwọ ni? Òyìnbó kan pè, ó ń béèrè ẹ, ó tún ń sọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé gbájúẹ̀ ni. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà rọ́nà dé ọ̀dọ̀ ẹ. Mo bú u dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí Àkúrẹ́ lo wà?"

Mo sọ òtítọ́ fún un.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyá mi kà á mọ́ ọ̀tá? Mo ní kó má bínú.

Nígbà tí Màámi gbọ́ pé Alhájì ní òun ò mọ̀ mí, ariwo ayọ̀ ló pa. "Ṣé o rí i? Ọlọ́run ti tú u fó!" Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sì kí Alhájì mọ́ títí di òní. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi bó. Etí ìyá mi, ti wòlíì nìkan ni.

Kí ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbà mí. Alhájì ni wọ́n pè, òun náà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣàdúà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi pè, ó ní ṣé mo ti rí ibòmíràn.

"Mi ò tíì rí, Màámi."

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó gbà á tọkàntọkàn, mo sì ń ṣe àmín.