Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Mi Kò Gbà

Òórùn búrẹ́dì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nínú ilé tí mò ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré kan wà lẹ́yìn fẹ́ńsì wa. Bí wọ́n bá ti ṣí ààrò, òórùn ìyẹ̀fun gbígbóná á gba ojú fèrèsé wọlé, á wá bá òórùn mìíràn pàdé nínú pálọ̀, ìyẹn òórùn eruku tó ń gbóná nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí n kì í pa. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ńṣe ló dà bíi kí èèyàn yan irin, kó fi bọ́tà jẹ ẹ́. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, kò sí nílé mọ́. Ó ti lọ sí ìlú òyìnbó, ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ń fa òórùn méjèèjì símú láràárọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn wà fún, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń wò mí bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbòde kan, àwọn kan máa ń ṣe pátákó ìkéde sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ á fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pe tọ̀hún lórí wáyà tẹlifóònù, á ka ohun tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀, á kọ tirẹ̀, á sì gé ìpè náà. Nígbà tí pátákó wá ń pọ̀, wọ́n ṣe ètò kan tí ń gbé lẹ́tà láti orí pátákó kan dé òmíràn. Méélà là ń pè é. Méélà ìhín á lọ kan ilẹ̀kùn méélà ọ̀hún, wọn á béèrè orúkọ ara wọn, wọn á béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí àwọn tó ni wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí. Tó bá bára mu, wọn á pààrọ̀ lẹ́tà, wọn á dágbére. Ayé ti gbàgbé gbogbo èyí, ṣùgbọ́n àwa díẹ̀ kan ṣì ń ṣe é nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni a kàn ń gbà báyìí. Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Òun ló kọ́kọ́ bú mi ní gbangba pátákó pé mò ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó ń kọ rìsíìtì. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, a rò pé fóònù á tó wa. Kò tó. Kì í ṣe pé a kì í rí ara wa, ojoojúmọ́ là ń rí ara wa lójú fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fisà tí wọn kò fún mi, ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n mú lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó sinmi, ìyẹn náà ló ń gba ẹnu wa. Bí a bá fi máa sọ ìyẹn tán, oorun á ti máa kùn ún, èmi náà á ti máa wo aago nítorí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kọmáńdì. Ṣé o mọ irú àárò yẹn, kí o máa wo èèyàn, kí òun náà máa wò ọ́, kí àárò rẹ̀ ṣì máa sọ ọ́ lójú ara rẹ̀? Òun ló dá àbá lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Jẹ́ ká padà sórí pátákó jàre. Lẹ́tà lo fi fẹ́ mi, kì í ṣe fídíò.”

Ó ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í to méélà tirẹ̀ pa pọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ ìwọlé, inú bọ́ọ̀sì ló wà, ó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yí i ká, ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Fi orúkọ tí o máa ń pè mí tí mo bá ń bínú.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti yé mi. Àṣàbí ni. Oríkì rẹ̀ ni, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, èmi nìkan ni mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, n kì í sì í pè é lásán. Ìgbà tó bá ká apá mọ́ àyà, tó kọjú sí ògiri, tó ní òun kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ìgbà náà ni mo máa ń fa orúkọ yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ejìká rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín tó ń pa mọ́ra. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú méélà mi: “asabi”. N kò fi àmì sókè, n kò fi sísàlẹ̀, torí méélà kò gbọ́ èdè àmì, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà kò wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà àdírẹ́sì tí a fún pátákó rẹ̀ ló ṣì, ó sì ṣì lóòótọ́, a tún un ṣe. Mo tún rí i pé ẹ̀rọ tí ń fún ilé wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ilẹ̀kùn tí méélà ń gbà, mo ṣí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà mi ti kú, nítorí náà bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà náà á padà sí ọdún kan tó ti kọjá lọ tipẹ́, á wá máa rò pé ọjọ́ tí kò tíì dé ni lẹ́tà ìyàwó mi ti wá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo pààrọ̀ bátìrì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ṣí àkọsílẹ̀ tí méélà fúnra rẹ̀ ń kọ, mo sì rí i pé ìyàwó mi ti wá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, ó ti dárúkọ ara rẹ̀, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìlà tó tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, kò sì sọ ohun tó fi sí i. Ẹ̀rọ mi sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láràárọ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ìyàwó mi bá ti ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, á tan láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ìgbà náà gan-an sì ni búrẹ́dì ń jáde lẹ́yìn fẹ́ńsì wa. Mo máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, màá rí i tó dé, màá sì rí i tí ẹ̀rọ tèmi, nínú pálọ̀ tèmi, ń dá a padà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún ọ lọ.

Mo pè é. “Páswọọdù yẹn ò bára mu o.”

“Ohun tí a jọ sọ ni mo fi sí i.”

“Kí lo wá fi sí i gan-an?”

Mo rí i tó gbé ojú kúrò lára fóònù. “Orúkọ tí ìwọ fúnra ẹ ń pè mí, èmi ni kí n wá máa sọ ọ́ fún ẹ?” Ó ní oorun ń kun òun, ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà di èèwọ̀ láàárín wa. Òun ń rò pé mo ti gbàgbé. Èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ló gbàgbé, pé orúkọ mìíràn ló wá sí i lọ́kàn. Mo kó gbogbo orúkọ tí mo ti pè é rí jọ. Mo dán “dudumi” wò, torí mo máa ń pè é ní Dúdú mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo dán “ogaagba” wò, torí pé mo máa ń fi ìyẹn yọ ọ́ lẹ́nu tó bá ń pàṣẹ fún mi. Kò sí ìkankan tó bá tirẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí mo dán orúkọ tó gbẹ̀yìn wò tí kò wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ẹlòmíì wà lọ́hùn-ún tó ń pè é lórúkọ mìíràn nígbà tó bá ń bínú. Mo mọ̀ pé ìsọkúsọ ni. Síbẹ̀, n kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló rí i pé ara mi ò dá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì wò mí tìyanu-tìyanu. “Ọ̀gá, yọ páswọọdù yẹn kúrò jàre! Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí lẹ́tà wọlé. Àbí kí lo ń wá gan-an?” Òótọ́ ló sọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni iṣẹ́ náà, lẹ́tà á sì rọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́, n kò ní mọ orúkọ tó fi síbẹ̀ láéláé, ìyẹn gan-an sì ni mo fẹ́ mọ̀. Mo ní á yé e tó bá níyàwó. “Tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn,” ó ní, “kó má tíì yé mi ṣá.”

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí ìyá ìyàwó mi ní Ẹgàn. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kó àwọn aṣọ àdúrà jáde kúrò nínú àpótí, wọ́n ń sá wọn lórí okùn, kánfọ̀ sì ń ta sánsán káàkiri àgbàlá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀, a kò sì tíì jókòó dáadáa tí òjò fi ṣú. “Ọkọ ọmọ mi, bá mi ká wọn o, kó tó rọ̀!” Mo sáré ká aṣọ títí mo fi dé orí ọ̀kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Ti ìyàwó mi ni. Ìgbà tí mo ń ṣẹ́ ẹ po ni ọrùn rẹ̀ yí síta, mo sì rí òwú búlúù tí wọ́n fi kọ orúkọ sínú rẹ̀: ASHABI.

Mo dúró síbẹ̀, òjò ń kán lé mi lórí.

“Màmá, ta ló kọ eléyìí?”

“Bàbá rẹ̀ ni o, kó tó kú. Gbogbo aṣọ ló funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí o ò bá kọ orúkọ sí tìẹ, ẹlòmíì á wọ̀ ọ́ lọ. Ó fi bírò kọ ọ́, èmi wá fi òwú tọ̀ ọ́.”

“H ló fi sí i, Mà.”

“Kí ni ì bá tún fi sí i? Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé ayé ọjọ́un nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.”

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, mo fi s sílẹ̀ ní òun nìkan. Òun fi s àti h, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Orúkọ kan náà ni, kò gbàgbé, èmi náà kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni Ẹ̀gbẹ́dá wa wà, ojoojúmọ́ ayé ni mò ń kọjá lára pátákó tí wọ́n kọ “Alimosho” sí, pẹ̀lú h gbàgàdà láàárín! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbá aṣọ náà mọ́ àyà. Ìyá ìyàwó mi gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi kí ó má baà tutù.

“Àárò rẹ̀ ló ń sọ ẹ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ń sọ mí gan-an.”

“Èmi náà. Kí lo rò pé mò ń sá aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ fún?”

Mo fi h sí i lọ́jọ́ náà, kí n tó bọ́ bàtà tí mo wọ̀ lọ sí Ẹgàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí i fún un. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò sì tètè dáwọ́ dúró, torí pé kò jáwọ́ nínú kíkọ ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń dá a padà. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kún fún yẹ̀yẹ́, ó ń ṣàpèjúwe arúgbó kan tó ń fi gbogbo ọjọ́ bá a jà nítorí ṣúgà. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé, “Ó jọ pé o ti gbàgbé ohun tí o máa ń pè mí. N óò ṣá máa kọ̀wé títí wàá fi rántí.” Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè ka ìyókù.

Ohun tí mo ń rò láti ìgbà náà ni pé mo gbà tẹ́lẹ̀ pé mo mọ ìyàwó mi tán. Mo ti pe orúkọ yẹn bí ẹni ń mu omi, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ìtòsí ló máa ń wà nígbà tí mo bá nílò rẹ̀. Lẹ́tà kan péré nínú orúkọ ló dínà mọ́ gbogbo lẹ́tà yòókù, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà kan yẹn ni bàbá rẹ̀ wà, àti gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ọmọ àwọn ẹlòmíì kí ó tó di ìyàwó mi. N kì bá tí mọ̀ tí kò bá rìn jìnnà.

Èsì tí mo kọ lọ́jọ́ náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Mo fi orúkọ náà bẹ̀rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gan-an, mo sọ fún un pé n kò gbàgbé, mo sì sọ ohun tí mo rí lọ́rùn aṣọ. Èsì tirẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kúrú. “Tún un kọ,” ló sọ, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Mo tún un kọ. Mo ṣì ń kọ ọ́ láràárọ̀ di òní, ó sì ṣì wà lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ń retí ni ọjọ́ tí n kò ní ní ìdí láti kọ ọ́ mọ́, tí a ó jọ wà nínú ilé kan, tí pípè é lẹ́nu lásán á sì tó.