Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Pásítọ̀ Mẹ́ńsà Lọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, orúkọ báàgì lásán ni Gàánà-máa-lọ lẹ́nu yín. Ní tèmi, ojú mi ló ṣe, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Ọ̀sì, nígbà tí ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, mo sì wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ olùkọ́.

Ará Gàánà ni Pásítọ̀ Mẹ́ńsà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ìjọ rẹ̀ rán an wá sọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́ èdè wa débi pé òun ló fi ń bú àwọn tó bá pẹ́ dé ìsìn. Débọ̀rà, ọmọ ìyá oníṣu kan ládùúgbò wa, ló fi ṣaya. Bí àgbàrá bá gbé afárá lọ, Pásítọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ká ṣòkòtò wọ odò. Nígbà tí ìdìbò káńsù dé, àwa olùkọ́ lọ bá a.

"Pásítọ̀, ẹ wá ṣe alága wa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, àlejò ni mí o."

Mo ní, "Ta ló pè yín ní àlejò?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ó wọlé nínú ìbò náà. Ó la ọ̀nà oko, ó tún ilé ìgbẹ̀bí ṣe. Ṣùgbọ́n olówó kan wà tó fẹ́ kí ọ̀nà náà gba iwájú ilé òun. Pásítọ̀ kọ̀. Ọkùnrin náà kò jà, ó kàn ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, òun ló lọ pe ọlọ́pàá.

Bí wọ́n ṣe gbé Pásítọ̀ sínú ọkọ̀, àwa olùkọ́ àti àwọn obìnrin ìlú jókòó sójú títì níwájú ọkọ̀ wọn. Kábíyèsí fúnra wọn jáde.

"Ọmọ wa ni," ni Kábíyèsí wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n rí ìwé rẹ̀."

Kò sí ìwé kankan. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: alága tó ń pàṣẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́ káńsù kò lè gba ara rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá na ìbọn sí wa. Pásítọ̀ kígbe láti inú ọkọ̀, "Ẹ dìde! Mi ò ní sin òkú ẹnikẹ́ni lónìí." Ohùn tó fi ń wàásù ló fi sọ ọ́, ẹsẹ̀ wa sì gbọ́ ọ ká tó ronú.

Débọ̀rà di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ẹ gbé èmi náà!"

"Ìyáàfin, ọmọ Nàìjíríà ni yín," ni ọlọ́pàá kan wí, ó sì já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ọkọ̀ bá gbéra.

Kò pẹ́ tí olówó náà fi jókòó sórí àga alága. A lọ bẹ ìjọba ní Ìlọrin pé kí wọ́n dá Pásítọ̀ padà, wọ́n ní ká padà wá. A padà, wọ́n ní ẹni tó ń rí sí i kò sí nílé. Ibi tí a ti ń lọ tí a ń bọ̀ ni ìròyìn ti dé pé àìsàn pa Pásítọ̀ ní ẹnubodè tí wọ́n tì pa, níbi tí òun àti àwọn yòókù há sí. Àwọn tí wọ́n jọ há síbẹ̀ ló sin ín.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí a jèrè. Ọ̀nà oko wà. Ìbò wa ló gbé Pásítọ̀ dórí àga, a kò jí ìbò kankan. Ìyẹn náà wà. Àmọ́ ìyá Débọ̀rà bi mí kó tó kú pé, "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ibo ni ọmọ mi máa kúnlẹ̀ sí, kó lè sunkún ọkọ rẹ̀?"

Débọ̀rà ṣì wà láyé. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń kí mi. Èmi a máa wo ilẹ̀.