Bí Mo Ṣe Di Màmá Àwọn Oníbàárà

Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi nígbà tí mo di Màmá. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà ní Enugu, mi ò sì tíì gbé ọmọ ẹnikẹ́ni jó rí. Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọmọdé ní Thinkers Corner ló fi mí joyè náà. Ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sọ fún un pé oníbàárà kì í ṣe oníbàárà mọ́, pé ẹbí ẹni ni. Bó ṣe dé, ó dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù, ó kó àwọn ìyá ọlọ́mọ sí i, ó fi àwòrán ìyá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín síwájú rẹ̀, ó wá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

"Kọ́pà, from today, na you be Mama."

Láràárọ̀ ni mo ń bi wọ́n pé ṣé àwọn ọmọ mi jí ire. Mo ń ṣàdúrà, wọ́n ń ṣe àmín. Bí ọmọ ẹnì kan bá rìn, màá bá a yọ̀, lẹ́yìn náà ni màá sọ pé páńpásì tuntun ti dé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀gá yìí kan náà kì í dáhùn ìkíni oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Àpò wọn ló ń wò. Ẹbí rèé!

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní Abakpa kọ̀wé sí gúrúùpù pé ara ọmọ òun ń jó bí iná, kò mu ọmú láti àárọ̀, ojú rẹ̀ sì ń yí. "Mama, abeg, wetin I go do?" Mo sáré gbé e han ọ̀gá. Kò tilẹ̀ kà á tán.

"Na teeth. Tell am make e come buy our medicine. Put am for group, make everybody see."

Oògùn eyín ọmọ tó ti ń gba eruku lórí pẹpẹ ló ń wí. Ọkùnrin tó bímọ sílé! Inú bí mi. Mo fi ẹnu Màmá kọ ọ́ sí gúrúùpù fún obìnrin náà pé kó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó má dúró ra nǹkan kan. Ó ní, "Yes, Ma."

"Na hospital dey pay you?" ni ọ̀gá ń pariwo. Fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò rí ìwé obìnrin náà mọ́, mo kàn ń yẹ gúrúùpù wò ṣáá.

Àfi bó ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun tọmọ. Ó ní dókítà sọ pé díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá.

Kí n tó lanu, ọ̀gá ti fa ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀ jáde, ó ti ki oògùn eyín bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "See Mama!" Ó ní kí n ya fọ́tò wọn, kí n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé oògùn Màmá ló wo ọmọ sàn. Ìyá agbálẹ̀ ò lè gbójú sókè. Ojú tì í, ojú ò ti ọ̀gá.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ Màmá, ló bá yíjú sí mi, ó gbé ọmọ lé mi láyà. "Broda, abeg, hold am for me."

Ara ọmọ náà ò gbóná mọ́. Ó gbá irùngbọ̀n mi mú.

"Kọ́pà, snap am now!"

Mo ní ọwọ́ mi ò ṣófo.