Mọ́tò Tí Fèrè Rẹ̀ Ń Ké Fúnra Rẹ̀: Láti Sáríà dé Fúntúà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo gbé mọ́tò mi jáde ní Sábọ̀n Gàrí, mo kọrí sí Fúntúà. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ni mo fẹ́ lọ mú wálé, òun àti àkọ́bí wa. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ó ka èyí, ẹ lè bi mí pé kí ni aboyún ń wá nílé ìyá rẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ wa ilé ọkọ ni obìnrin ń bímọ sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Hausa ni wọ́n bí Àbẹ̀kẹ́ sí. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé kí ìyá wá mú ọmọ rẹ̀ lọ bí oyún àkọ́kọ́ bá ti tó bí, kò sì ní dá a padà títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ. Ó pé lánàá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n gbé ọmọ náà fún mi díẹ̀, wọ́n sì gbà á padà. Láti ìgbà náà ni ilé mi ti dákẹ́ jù lójú mi.

Mọ́tò náà ti gbó kí n tó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń ra òwú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà. Ibi sitíárì, àgbá róbótó tí awakọ̀ ń dì mú, ni ìyọnu pọ̀ sí. Ọ̀pá kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo lábẹ́ àgbá náà máa ń gbọ̀n bí eyín arúgbó nígbà ọyẹ́. Ìṣó kan yọrí níbẹ̀, ó ti fa apá dàńṣíkí mi méjì ya. Èyí tó burú jù ni fèrè. Bí mo bá ti yí sí ọ̀tún báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀. Òyìnbó náà ní bí ó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, pé kí n ṣáà máa yí sí òsì. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Mo ra kósàí ní kọ́bọ̀ kan kí n tó kúrò nílùú. Àkàrà wa náà ni, àmọ́ wọn kì í po ata mọ́ ọn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n ata gbígbẹ sí. Ọ̀nà náà pupa, ó sì rí gbágungbàgun. Òwú wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi tí ọ̀nà ti yí sí ọ̀tún, fèrè ké, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́rin sì sá wọ inú oko pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹni tó ni wọ́n wò mí títí.

Ó ní, “Haba, malam,” ìyẹn ni pé ó tó gẹ́ẹ́. “Kí ni àwọn ẹran mi fi ṣe ọ́?”

Mo sọ̀ kalẹ̀, a jọ lé wọn jáde.

Ní Gíwá, mo rí bàdúkù kan, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń fi awọ ṣe bàtà, lábẹ́ igi. Bàtà mi ni mo fẹ́ kó rán, ṣùgbọ́n fèrè ti ké kí n tó dúró. Ó dìde, ó ti orí bọ abẹ́ sitíárì, ó fi ìka kan ibi tí wáyà fèrè ti wọ inú ọ̀pá sitíárì. Ó mi orí.

Ó ní, “Sai fata.”

Fata ni Hausa ń pe ìrètí. “Ina fata kana lafiya,” ni wọ́n fi ń kí mi lójoojúmọ́: mo retí pé àlàáfíà lo wà. Nítorí náà, ohun tí mo gbọ́ ni pé ìrètí nìkan ló kù. Mo dúpẹ́, mo ní “Àmín,” mo sì wa mọ́tò mi lọ. Ọkùnrin náà dúró, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń wò mí.

Apá ọ̀tún ni ẹnu ọ̀nà ilé ìyá ìyàwó mi wà ní Fúntúà. N kò lè yẹra fún un. Fèrè ké wọlé, ọmọ náà ta gìrì, ó bú sẹ́kún.

Màmá jáde. “Àlàbí, ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá, Màmá. Òun ló ń ké fúnra rẹ̀. Ẹ má bínú.”

“Wallahi, ohun tí a kò tẹ̀ tó ń ké, n kò ní gbé ọmọ-ọmọ mi sínú rẹ̀. Máa lọ sílé. Tí wọ́n bá kó òwú tán, èmi fúnra mi á fi jirgi kó wọn wá fún ọ.”

Jirgi ni ọkọ̀ ojú irin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n tó kó òwú tán, ó ku oṣù méjì gbáko. Wọ́n gbé túwó wá, ọkà bàbà tí wọ́n rò bí ọkà tiwa, mo tì í sápá kan. Ọ̀rọ̀ Màmá dùn mí gan-an.

Àbẹ̀kẹ́ jókòó tì mí. “Ẹ ò fi mọ́tò yìí han ẹnikẹ́ni lọ́nà ni?”

“Mo fi han bàdúkù kan ní Gíwá. Ó ní ìrètí nìkan ló kù. Sai fata.”

“Bàdúkù ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní Àmín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi bọ́ lẹ́nu ọmú. “Bàbá Ọmọ, awọ ló ní kẹ́ ẹ fi sí i. Fata tí wọ́n fi ń ṣe bàtà. Ohùn wọn yàtọ̀. Ẹ ò gbọ́ ni?”

N kò gbọ́. Èmi tí mo máa ń fi àwọn Hausa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́. Ojú tì mí.

Mo tú ìdè ọ̀pá sitíárì. Lóòótọ́ ni: ẹnu ihò tí wáyà gbà wọlé mú bí abẹ, bí wọ́n ṣe gé e nílé iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ti bó wáyà náà títí irin fi kan irin. Awọ ló kù. Màmá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Ó jáde pẹ̀lú awọ àgbò tí a pa lọ́jọ́ ìkómọ, èyí tó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe awọ kí ó lè máa kírun lórí rẹ̀. Ó gé díẹ̀ ní etí awọ náà fún mi.

Mo fi pẹlẹbẹ kan wé wáyà, mo fi òmíràn há ìdí ọ̀pá epo, mo fi èyí tó kù bo orí ìṣó. Màmá wọ mọ́tò, ó ní kí n yí sí ọ̀tún. Mo yí i, fèrè kò ké. Ó ní kí n tún un yí. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ó ní, “To,” ìyẹn ni pé ó dára. “Ẹ máa lọ.”

Nígbà tí a dé Gíwá, mo dúró kí bàdúkù náà. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń rò ó, ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe àmín sí awọ. Àbẹ̀kẹ́ ló dá a lóhùn, wọ́n sì jọ fi mí rẹ́rìn-ín.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a yà wọ Sábọ̀n Gàrí, lápá ọ̀tún. Kò sí ará ilé kankan tó jáde, nítorí fèrè ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo dé. Mo na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Àbẹ̀kẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú, ó nawọ́ sí ọmọ tó ti sùn. A bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: n kì í ṣe àmín mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi ìyàwó mi.