Dókítà Ikùn ti Ìkòsì

Lọ́dún 2005, Dókítà Kẹ́misọ́lá Oyèbámijí ti Íńdíà dé, ó sì ṣí ọsibítù kékeré kan sí Ìkòsì. Iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀nà ọ̀fun, àpòlúkù, àti pàápàá jù lọ, dídín ikùn àwọn tó bá sanra kọjá agbára wọn kù, kí ara wọn lè fúyẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kọ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù ńlá lẹ́nu géètì.

Bọ́ọ̀dù yẹn pa àwọn ará àdúgbò lẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ti ọjà Mile 12 bọ̀ tiẹ̀ wọlé wá bi nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ kí wọ́n gba ìgbádùn lára òun?”

Oṣù ń gorí oṣù, aláìsàn ò wá. Bánjí, ọkọ rẹ̀, ní kó kó ọsibítù náà lọ sí Gbàgádà.

“Kẹ́mi, àwọn ará Mile 12 ò fẹ́ rù o. Tí wọ́n bá sanra ni wọ́n ń mọ̀ pé ọjà ń tà.”

“Wọ́n á wá,” ni Kẹ́misọ́lá wí, àmọ́ ọkàn òun náà ò balẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá kò sanra rárá. Rasheedat lorúkọ rẹ̀, tòmátò ló ń tà ní Mile 12, ó sì rù débi pé ìró kì í dúró nídìí rẹ̀. Tó bá gbé òkèlè mì, á dúró sí i láyà bí òkúta, kó tó ṣẹ́jú, ó ti bì í. Àwọn kan ní àjẹ́ ló ń ṣe é, àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ ni kì í fún un lóúnjẹ. Ọkọ ọ̀hún, Shittu, ló mú un wá.

“Dókítà, mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni nǹkan tẹ́ ẹ kọ síta,” ni Shittu wí. “Ṣùgbọ́n ikùn náà ni. Ẹ bá wa wò ó.”

Kẹ́misọ́lá ní kí Rasheedat mu omi funfun kan tó ki bí ògì, wọ́n sì ya àwòrán àyà rẹ̀ bí omi náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó hàn kedere: ẹran ara tó wà lẹ́nu àpòlúkù fún pinpin, kò fẹ́ ṣí.

“Ẹnikẹ́ni ò ṣe yín, Aunty. Ilẹ̀kùn ikùn yín ló há. A máa là á díẹ̀.”

Ihò tíntìntín mélòó kan ló dá sí i níkùn, ó ti kámẹ́rà kékeré wọlé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́. Àárín iṣẹ́ náà ni iná lọ. Yàrá ṣókùnkùn biribiri. Kẹ́misọ́lá ò mira, kò fa irin ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò tì í síwájú, títí jẹnẹrétọ̀ fi dún. Lẹ́yìn náà ló parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà á láyè kó jẹun, ògì ni Rasheedat kọ́kọ́ mu. Ó gbé e mì, ó di àyà mú, ó ń dúró dè é. Ògì ò padà.

“Ó ti lọ!” ló pariwo sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Afeez, ó ti lọ!”

Shittu bú sẹ́kún, ìyàwó rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún tó yí po, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rasheedat ti kún. Táwọn ọlọ́jà bá bi í pé ta ló tọ́jú ẹ, á ní, “Dókítà Ikùn ni.” Orúkọ náà mọ́ Kẹ́misọ́lá lára. Àwọn tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú dé, àwọn tí oúnjẹ ń há lọ́fun dé. Òun tó wá kọ́ èèyàn láti jẹ díẹ̀ ló wá ń ṣí ọ̀nà oúnjẹ káàkiri. Bánjí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Rasheedat náà ló mú Karimot wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà. Karimot ò lè gun àtẹ̀gùn ọsibítù láìsinmi. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún.

“Ṣé ẹ máa yọ ikùn mi dànù ni?”

“Rárá, Mummy. A máa gé lára rẹ̀ ni, kí ẹ lè tètè máa yó.”

“Ṣé mi ò ní jẹ iyán mọ́ láyé nìyẹn?”

“Ẹ máa jẹ ẹ́, àmọ́ ìwọ̀nba ni.”

Karimot fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. “Iyán ò bá mi rìn dé ọjà rí,” ló wí níkẹyìn. “Orúnkún ni mo fẹ́. Ẹ gé e.”

Kẹ́misọ́lá ò gé e lọ́jọ́ náà. Ó ní kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹun. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere, ara Karimot sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn, wọ́n ní bóyá àìsàn ni. Karimot á dìde, á gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà lé wọn lọ́wọ́, á ní, “Ṣé aláìsàn ló ń gbé èyí?”

Lọ́jọ́ kan tí omi òjò ti kún gbogbo Ajégúnlẹ̀, fóònù Kẹ́misọ́lá dún. Karimot ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ níbẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì tò sójú omi kí èèyàn lè rí ọ̀nà wọlé.

“Dókítà, mo gba orí pákó wọlé! Kò ṣẹ́, kò tiẹ̀ tẹ̀! Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀!”

Igbe ọmọ gba inú fóònù kan. Kẹ́misọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin sísanra kan tó ti Gbàgádà wá, tó jókòó níwájú rẹ̀, wò ó, ó tún wo ikùn ara rẹ̀.

“Dókítà,” ló wí, “èmi náà gbọ́ o. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe tèmi?”