Kókó Ọwọ́ Òsì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Àǹtí Aránbàtà, ògiri náà ò sì nípọn. Bí mo bá ń gẹ irun lọ́wọ́, mò ń gbọ́ òòlù rẹ̀. Bí oníbàárà mi bá ń ṣàròyé pé mo ti gẹ irun òun jù, Àǹtí náà ń gbọ́, á sì sọ̀rọ̀ láti ìhà kejì pé kí ẹni náà máa dúpẹ́ pé etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bá a ṣe ń gbé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí pé inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ bá mi fara dà á.

Bàbá Àǹtí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ni bàbá yẹn ń lò, ẹnu rẹ̀ sì mú ju òòlù rẹ̀ lọ. Ó ní maṣíìnì ìránbàtà kan, irin dúdú tó wúwo, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí igi tí wọ́n ń dì mú láti fi yí i kán, bàbá gé ẹsẹ̀ àga kan tó ti bàjẹ́, ó gbẹ́ ẹ, ó tì í bọ ibẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Kò bá ara maṣíìnì náà mu rárá. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa, bàbá ò sì dá wa lóhùn.

Ohun kejì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn ni bó ṣe ń di ẹrù. Bó bá tún bàtà ṣe tán, á fi bébà wé e, á fi okùn dì í, á wá ta okùn náà ní kókó kan tó kọjú sí òsì, á sì ki ẹnu okùn náà bọ abẹ́ ara rẹ̀ kí ojú má bàa rí i. Tó o bá mọ ibi tó yẹ kó o fi ìka tì, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gé okùn òun, ó ní kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá ń bọ̀. Nítorí náà ó ń fi bí wọ́n ṣe ń tú u han àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọ́ èmi náà. Ó ní kí n lọ gẹ irun.

Àǹtí ni àkọ́bí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ọmọ kejì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ń kó ọjà sí, lápá ibòmíràn nínú ìlú. Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀, ó pe àwọn méjèèjì, ó ní Àǹtí ló kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ òun, Àǹtí ni kó ni ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni kó ni maṣíìnì. Bàbá ò tíì kú nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan tá a rí i pé wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn. Maṣíìnì ti lọ. Òòlù, awọ, bàtà àwọn oníbàárà, kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú wọn.

Àbúrò Àǹtí sáré wá. Ó sunkún ju Àǹtí lọ, àní èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kejì ó ra àgádágodo ńlá kan wá, ó fi sí ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa tún jí nǹkan ẹ̀gbọ́n òun kó mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí Àǹtí ń ṣí àgádágodo yẹn tí kì í ṣe àdúrà fún àbúrò rẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ, nítorí àkókò yẹn náà ni mò ń gbálẹ̀.

Ọwọ́ lásán ló wá ń fi ránṣọ… ẹ má bínú, ó ń fi rán bàtà. Nítorí gbogbo ọdún tó ti fi ń gún awọ, tó ń fa òwú yọ, tó ń fi gbogbo agbára ìka rẹ̀ fún un, oríkèé ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láwọn àárọ̀ mìíràn, ife omi kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó bá gbé bàtà tó nípọn wá padà. Dókítà sọ fún un pé tó bá ń fi ọwọ́ rán bàtà bẹ́ẹ̀ lọ, ìka náà ò ní lè ká mọ́. Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Tí ìka yẹn bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi á tì pa nìyẹn.

Èmi ni mo mú un mọ ìkànnì gbàǹjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra kílípà tí mo fi ń gẹrun. Ẹni tó ní ọjà á gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ á máa fi owó lé owó ara wọn títí àkókò á fi pé, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù ló ni í. Orúkọ ìnagijẹ ni kálukú ń lò. Ìgbà tí ọjà bá ti já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ tó sì ti sanwó ni olùtà tó ń rí orúkọ rẹ̀ gan-an àti àdírẹ́sì tó máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Mo bá Àǹtí forúkọ sílẹ̀. Ó ní Onísùúrù ni kí n kọ. Mo ní irọ́ ńlá ni, mo sì kọ ọ́.

Orí oníbàárà kan wà lọ́wọ́ mi, mo ti gẹ ìdajì, nígbà tí Àǹtí wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ kan àti fóònù lọ́wọ́ kejì. Ó fi àwòrán ọjà gbàǹjo kan hàn mí lórí fóònù náà. Mo wo àwòrán náà: maṣíìnì dúdú, igi pupa. Orí mi wú. Mo ní ká lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kíákíá. Ó ní rárá, ó ní ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ rárá pé wọ́n jí i, pé ọlọ́pàá á kàn gbé e lọ síbi tí òun ò ní rí i mọ́. Òun á rà á. Ó wá bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ sọ fún àbúrò òun, nítorí òun fẹ́ kó kàn wọlé lọ́jọ́ kan kó bá maṣíìnì bàbá wọn lórí tábìlì.

"Ó sunkún nítorí rẹ̀ jù mí lọ," ó ní. "Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Gbàǹjo náà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀, ó palẹ̀ tábìlì mọ́, ó ń kọrin, ó sì ń kọ ọ́ burúkú. Kò pẹ́ rárá, ìsọfúnni wọlé sórí fóònù rẹ̀. Olùtà ti fagi lé ọjà náà. Ó ní maṣíìnì já bọ́ nígbà tí òun ń dì í, ó sì ti fọ́. Wọ́n á dá owó rẹ̀ padà. Mo gbọ́ tí orin yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ògiri, mo sì rò pé ó ti jáde lọ ni. Ìgbà tí mo yọjú, ó jókòó ti tábìlì tó ti nù mọ́ náà.

Ká ní ó fọ́ lóòótọ́ ni, à bá gba kámú. Ṣùgbọ́n kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí maṣíìnì náà tún fi yọ lórí ìkànnì, àwòrán kan náà, igi pupa kan náà, owó tó ga ju ti àkọ́kọ́. Gbogbo wa gbà pé ojúkòkòrò ni. Mo bú olùtà yẹn débi pé oníbàárà tó wà lórí àga ní kí n kọ́kọ́ gbé abẹ ọwọ́ mi sílẹ̀ ná.

Nígbà yẹn ni Àǹtí tó sọ fún àbúrò rẹ̀. Ó wá, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó mi orí títí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, pé tí owó ò bá ti tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ní ọjà bàjẹ́, wọn ò lẹ́rìí ọkàn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa kọ ẹ̀sùn náà sí àwọn tó ni ìkànnì. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó sọ nípa bàbá wọn, ó sọ nípa ìka Àǹtí tó ń wú, ó sọ pé ìwà ìkà gbáà ni kí èèyàn gba ìrètí lọ́wọ́ obìnrin tó ti san owó rẹ̀. Mo kà á, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Kó tó lọ, ó fọwọ́ gbá Àǹtí léjìká, ó ní kó gbàgbé ẹ̀, pé lọ́jọ́ kan òun á ra tuntun fún un. Àwọn tó ni ìkànnì fèsì pé olùtà ti ṣàlàyé ara rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lójú tiwọn ló ti parí. Èmi kì í gbàgbé nǹkan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fi orúkọ ìyàwó mi dá owó lé maṣíìnì náà, mo sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó já mọ́ wa lọ́wọ́. Olùtà ò fagi lé nǹkan kan. Ó tiẹ̀ tún kọ̀wé pé òun dúpẹ́, pé kí a lò ó ní àlàáfíà.

Ọjọ́ tí páálí náà dé, èmi àti awakọ̀ kan la gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, ẹ̀yìn ń ro mí. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fẹ́ gé okùn, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Kókó méjì ló wà lórí páálí náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Méjèèjì kọjú sí òsì. Ẹnu okùn ò hàn níbi kankan. Àǹtí fi ìka rẹ̀ tó wú yẹn ti tòkè, gbogbo okùn tó wà níbẹ̀ sì tú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n ta," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo ta eléyìí."

Ó dà bíi kí n sáré lọ bá ọkùnrin náà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí ní mi ò gbọdọ̀ lọ. Kò sunkún. Mo mọ ẹkún rẹ̀, ì bá sàn kó sun ún. Ó kàn jókòó, ó ń wo àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ máa ń yà kí i pé, ó sì wá. Àǹtí ti fi aṣọ iṣẹ́ bàbá wọn bo maṣíìnì. Ó kí i dáadáa. Ó ní ìka ń dun òun, kó bá òun di bàtà oníbàárà kan. Àbúrò rẹ̀ gba bàtà náà, ó fi bébà wé e, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ta kókó náà. Àǹtí gbé páálí tí kókó kejì ṣì wà lára rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ó wá ká aṣọ kúrò lórí maṣíìnì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Àbúrò rẹ̀ ní bàbá fún Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù, ó fún un ní maṣíìnì, kí ló wá fún òun? Ó ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ tà á nígbà yẹn, pé ẹ̀yìn ilé òun ló wà láti ọjọ́ náà, òun kàn fẹ́ ní nǹkan bàbá lọ́wọ́ ni.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á, àǹtí mi," ó ní. "Onísùúrù ni mo rí níbẹ̀."

"Ìgbà tó o wá rí orúkọ mi ńkọ́?"

Ó ń fa okùn ara bàtà náà.

"Ìgbà yẹn gan-an lo fagi lé e," ni Àǹtí wí. "Ká ní àjèjì ni mí, ò bá ti tà á fún mi."

Ó nawọ́ sí i, Àǹtí sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó bi í léèrè ẹ̀sùn tó jókòó kọ lórí bẹ́ńṣì, pé ta ló rò pé òun ń kọ ọ́ sí. Ọkùnrin náà wolẹ̀. Àǹtí bọ́ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ló gbé lọ.

Maṣíìnì náà ń ṣiṣẹ́. Àǹtí ti tún ń gba bàtà tó nípọn, ìka rẹ̀ sì ti ń ká díẹ̀díẹ̀. Mo tún ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ yẹn lára ògiri bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà ayé bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá di bàtà, kókó lásán tí gbogbo ayé ń ta ló ń ta sí i báyìí, ó sì ń fà á le gan-an. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń fi ìka wá ibi tí wọ́n á tì, wọn ò rí i, wọ́n á wá yà sọ́dọ̀ mi láti yá àlùmọ́gàjí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá okùn tí wọ́n gé síbẹ̀.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó kúkú kọ́ mi ní kókó bàbá kó má bàa parẹ́. Ó ń yí kẹ̀kẹ́ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní kí n lọ gẹ irun.