Ẹsẹ̀ Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá bi Mọ̀dínátù léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní, "Mo máa ń sọ nǹkan ńlá di bíńtín ni." Yàrá kótópó kan ní Ìkọ̀tún ló ń jókòó sí, tó ń sọ fọ́tò àwọn èèyàn di áíkọ̀nù, ìyẹn àwòrán kékeré tí à ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí nǹkan tó ṣí, tàbí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí oníbàárà tó gbà pé nǹkan kékeré gbọ́dọ̀ kéré. Oníbúrẹ́dì kan ní Ẹgbẹ́dá ní kó ki búrẹ́dì, ọkọ̀ búrẹ́dì, ìyàwó òun àti nọ́ńbà fóònù mẹ́ta sínú ohun tí kò tó èékánná!

Èyí tó lágbára jù ni ti ìjọ Aládùúrà kan ní Ìgándò. Bàbá Zacchaeus, akọ̀wé ìjọ, kò fẹ́ kí ọmọ Mùsùlùmí fọwọ́ kan ìkànnì wọn rárá. Ìyá Ìjọ, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ló ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Akọ̀wé wá là á mọ́lẹ̀ pé bí áíkọ̀nù náà kò bá dára lọ́jọ́ Sátidé, ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí orúkọ Mọ̀dínátù máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wù ú gidigidi.

Fọ́tò Ìyá Ìjọ ni wọ́n fún un: wọ́n dúró gbọnrangandan nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí ìṣe ìjọ wọn. Mọ̀dínátù gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò náà dànù, ó sọ ọ́ di kékeré, ó dán an wò, ó dára. Àṣé ojú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ dúdú ni, nítorí ìmọ́lẹ̀ funfun máa ń ta á lójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọlé. Bàbá Zacchaeus ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà ìjọ, tí ojú rẹ̀ funfun báláú. Orí kan wà lókè, ẹsẹ̀ méjì wà nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín.

"Mọ̀dínátù, Ìyá wa dà?"

Mọ̀dínátù tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, aṣọ funfun ló wọnú funfun lọ."

Bàbá Zacchaeus yíjú sí Ìyá Ìjọ. "Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

Ìyá Ìjọ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n wò ó, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹsẹ̀ mi rèé! Ẹsẹ̀ tí mo fi wàásù káàkiri Ìgándò! Yọ orí yẹn kúrò, ọmọ mi, fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa rí i tí kò ní mọ̀ pé àwa ni?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ inú fọ́tò náà kò mọ́lẹ̀ dáadáa, àfi kí wọ́n ya òmíràn. Báńdéèjì ọsibítù sì wà lẹ́sẹ̀ òsì Ìyá Ìjọ. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí ẹsẹ̀ Mọ̀dínátù.

"Gbé òsì tìẹ wá síbí."

"Ìyá, ọmọ Mùsùlùmí ni o!" Bàbá Zacchaeus fò dìde.

"Ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé Ọlọ́run ni mo rí, jàre."

Mọ̀dínátù gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún Ìyá Ìjọ, ó ya fọ́tò. Ẹ̀rín ń pa á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yà á. Ó sọ ọ́ di bíńtín, ó dán an wò lójú dúdú, ó tún dán an wò lójú funfun, kó tó gbé e sórí ìkànnì.

Bàbá Zacchaeus wọ awò ojú, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n wò ó títí.

"Mọ̀dínátù," wọ́n ní, "èwo ni ti Mùsùlùmí níbẹ̀?"